Lẹ́tà ṣíṣí sí LAMATA àti FAAN: Ẹ gbé wa dé ẹnu ọ̀nà

Ẹ̀yin ọ̀gá wa ní LAMATA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ èrò ìgboro Èkó, ẹ̀yin ọ̀gá wa ní FAAN, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó pápákọ̀ òfurufú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí ẹ̀yin méjèèjì ni. Bí mo bá kọ ọ́ sí LAMATA nìkan, ó rọrùn láti dá mi lóhùn pé ìjọba àpapọ̀ ló ni ilẹ̀ pápákọ̀ òfurufú, Ìpínlẹ̀ Èkó ò láṣẹ níbẹ̀. Bí mo bá sì kọ ọ́ sí FAAN nìkan, ó rọrùn láti sọ pé ọkọ̀ èrò ìgboro kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó ń tọ́jú pápákọ̀. Ọ̀rọ̀ tèmi wà níbi tí ọgbà ẹ̀yin kan ti pàdé títì ẹ̀yin kejì. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò ju kìlómítà mélòó kan lọ, àmọ́ ibẹ̀ ni agara ti ń dá wa.

Ìjú ni mò ń gbé. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá 2024 ni Red Line, rélùwéè ìgboro Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò, kò sì pé oṣù kan tí mo fi ra káàdì Cowry tèmi, èyí tí a fi ń san owó ọkọ̀. Àgbàdo, Ìjú, Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì, Múṣin, Yábà, Oyíngbò. Mo lè ka ìdíkọ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lójú oorun. Ẹni tí kò bá tíì jókòó sínú dánfó lójú Agége Motor Road láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí kọ̀ndọ́ ń pariwo sí i létí, tí irin àga iwájú ń họ ọ́ lórúnkún, kò lè mọ ohun tí mo fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ LAMATA. Mo dúpẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pé mo ti dúpẹ́, torí ohun tó kù tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ọpẹ́.

Ní àsìkò òjò tó kọjá, ìyàwó àbúrò mi bímọ sí Àbújá, Màámi sì múra láti lọ wẹ ọmọ. Ẹ mọ ẹrù ìyá tó ń lọ wẹ ọmọ. Àpótí kan wà níbẹ̀ tí táyà rẹ̀ kan ti ń mì tipẹ́. Gàná-mọ́sì-gó kan tún wà, ẹ̀lùbọ́ ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ẹja gbígbẹ, orí, àdí, kànìnkànìn, àti ọṣẹ dúdú tó tó wẹ ọmọ mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n bí. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká gba takisí láti ilé. Èmi ni mo ní ó tì, pé rélùwéè la máa wọ̀ dé Ìkẹjà, pé ibẹ̀ sí Local, ilé èrò pápákọ̀ òfurufú fún ìrìn àjò inú Nàìjíríà, ò jìnnà. Ẹnu mi ló kó bá mi.

Nínú rélùwéè, ara tu wá. Màámi rí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé jókòó sí. Nígbà tí wọ́n rí bí mọ́tò ṣe tò bí ìlẹ̀kẹ̀ lójú títì lápá Agége, wọ́n juwọ́ sí wọn láti inú fèrèsé, wọ́n ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ibẹ̀ yẹn." Ọkùnrin tó jókòó sí ọ̀kánkán wa rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

Ìkẹjà la sọ̀kalẹ̀. Ìdíkọ̀ náà dára, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí a ṣe jáde sí ojú títì báyìí, ó tán. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mò ń wá pátákó tó ní àwòrán ọkọ̀ òfurufú lára, kó tilẹ̀ kéré bí àtẹ́lẹwọ́. Mi ò rí. Obìnrin kan tó ń ta omi tútù ló nawọ́ sí iwájú, ó ní, "Ẹ wọ kẹ̀kẹ́ níbẹ̀ yẹn."

Oníkẹ̀kẹ́ wo àpótí, ó wo gàná-mọ́sì-gó, ó wá wo gèlè Màámi. Gèlè yẹn ló dá wa lẹ́bi. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà ló pè é. A bẹ̀ ẹ́ títí, ó gbà ẹgbẹ̀rún méjì àbọ̀. Kò pẹ́ tó gbéra tó fi dúró níbì kan lẹ́yìn ọgbà, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó ní ibi tí kẹ̀kẹ́ ń dé mọ nìyẹn, òun ò lè wọ inú. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ilẹ̀ ń yọ̀. Mo ń wọ́ àpótí, Màámi ń tẹ̀lé mi, wọ́n fi ọwọ́ kan ká etí ìró wọn sókè. Níbi tí àwọn pẹpẹ tí wọ́n fi bo gọ́tà ti là sọ́tọ̀, àpótí kó sí àlàfo àárín wọn. Mo fà á lẹ́ẹ̀kan, kò wá. Mo fà á lẹ́ẹ̀kejì, táyà tó ń mì yẹn já, ó sì yí gbirigbiri wọ inú gọ́tà. Mo gbọ́ nígbà tó balẹ̀ sínú omi. Mo gbé àpótí lé èjìká.

Màámi dúró. Wọ́n wẹ̀yìn wo ọ̀nà Ìkẹjà tí a ti wá, wọ́n ní, "Rélùwéè yìí, ṣé ó gbé wa dé ni, àbí ó já wa jù sílẹ̀?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Ìbéèrè náà ni mo gbé wá bá yín.

A bá ọkọ̀ òfurufú, Ọlọ́run ló ṣe é. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ìpè wọlé láti Àbújá. Mo rò pé wọ́n fẹ́ ròyìn ọmọ ni. Rárá o, rélùwéè ni wọ́n fẹ́ ròyìn. Àbúrò mi lọ pàdé wọn ní pápákọ̀ òfurufú Nnamdi Azikiwe, kò gba takisí, kò pe ẹnikẹ́ni. Ojú irin dé pápákọ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n jókòó dúró díẹ̀, lórí àga, lábẹ́ òrùlé, wọ́n wọlé, wọ́n já sí ìgboro. Màámi ní, "Àbí ẹ̀yin ará Èkó tí ẹ mọ gbogbo nǹkan, kí ló ṣe yín?"

Mi ò sọ pé ti Àbújá kò lábùkù. Oṣù Keje 2018 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí i. Nígbà tí kòrónà dé ní 2020, ó dákẹ́, ó sì dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2024 ni Ààrẹ Tinúbú tún un ṣí. Síbẹ̀, ẹni tó ya àwòrán rẹ̀ rántí pé ẹni tó bá balẹ̀ láti ojú ọ̀run ṣì ní ilé tó ń lọ. Ní Idu, ìdíkọ̀ kan ní Àbújá, ẹni tó ń lọ sí Kàdúná lè bọ́ láti inú rélùwéè ìgboro sínú rélùwéè ọ̀nà jíjìn.

Àwa náà ti rántí rí, orí ìwé ni. Nínú ètò Red Line láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀ka kan wà tó yẹ kó ya lọ sí pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed. Ẹ̀ka yẹn ni gbogbo èèyàn ń bi mí nípa rẹ̀ tí mo bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí: "Ṣé wọ́n ò ní la ojú irin débẹ̀ ni?" Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ gbangba, òun kọ́ ni mo wá bẹ̀bẹ̀ fún lónìí. Ará Èkó mọ ohun tí ojú lè rí lórí ojú irin. Ìjọba Jákàńdè bẹ̀rẹ̀ Metroline, rélùwéè ìgboro tí wọ́n kọ́kọ́ dáwọ́ lé fún Èkó, ní 1983, ìjọba ológun Buhari fagi lé e ní 1985, owó tó lé ní mílíọ̀nù 78 dọ́là sì wọmi. Buhari kan náà ló padà wá gẹ́gẹ́ bí ààrẹ alágbádá láti ṣí Blue Line, rélùwéè ìgboro Èkó kejì Red Line, ní ọjọ́ 24 oṣù Kìíní 2023. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n fagi lé ti àkọ́kọ́ ti dàgbà, ó ti bímọ tirẹ̀. Bí mo bá ní kí ẹ la ojú irin wọ pápákọ̀, ẹ óò ṣe ìpàdé, ẹ óò ya àwòrán, àwòrán á lọ jókòó sínú fáìlì, èmi á sì máa gbé àpótí léjìká. Ẹ kàn dáàbò bo ilẹ̀ tí ojú irin yẹn máa gbà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí i. Ìyẹn tó fún ẹ̀ka yẹn ná.

Bọ́ọ̀sì ni mo ń tọrọ.

Bọ́ọ̀sì tó máa gbéra lẹ́nu ọ̀nà ìdíkọ̀ Ìkẹjà, tó máa dé Local, tó máa dé MM2, ilé èrò kejì fún ìrìn àjò inú Nàìjíríà, tó máa dé International, ti òkè òkun, tó máa wá bọ́ sí Òṣòdì, tó sì máa tọ ọ̀nà kan náà padà. Gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Òṣòdì ní ìdíkọ̀ rélùwéè, ó ní páàkì ńlá tí wọ́n kọ́ síbẹ̀, bọ́ọ̀sì BRT tó ń lọ sí Abúlé-Ẹ̀gbá wà níbẹ̀. Bọ́ọ̀sì náà á wá di okùn tó so gbogbo wọn pọ̀. Ẹni tó balẹ̀ sí MM2 láti Àbújá, tó sì fẹ́ fò lọ sí òkè òkun lálẹ́ ọjọ́ kan náà ní International, kò ní máa gba takisí láti inú pápákọ̀ kan sínú pápákọ̀ kan náà. (Ìyẹn ò ṣeé ṣàlàyé fún àlejò. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ rí.)

Ẹ má ṣe fún wa ní dánfó tí wọ́n kàn kun ní ọ̀dà tuntun o. Ẹni tó ń lọ sí pápákọ̀ lẹ́rù. Nínú dánfó, bí kọ̀ndọ́ bá ti rí àpótí, "owó ẹrù wà o" ló máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sọ pé ẹ ò ní san owó ẹrù, á gbé àpótí náà lé yín lẹ́sẹ̀. Bọ́ọ̀sì tí mò ń wí gbọ́dọ̀ ní ìsàlẹ̀ tó rẹlẹ̀, tí ìyá arúgbó lè tẹ̀ wọlé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbá a lápá mú, kí ó sì ní àyè tí a yọ àga kúrò nínú rẹ̀ fún ẹrù. Kí a fi káàdì Cowry kan náà wọ ọ́. Àjèjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀ kò ní Cowry, ẹ tà á fún un níbi tó ti ń dúró de ẹrù, tàbí kí ẹ̀rọ inú bọ́ọ̀sì gba káàdì báǹkì.

Ohun tí mo fẹ́ kí LAMATA fi sọ́kàn jù ni àsìkò. Red Line kì í ṣe dánfó tí òmíràn ń dé kí èyí tó lọ. Ojú irin kan náà ni òun àti rélùwéè Ìbàdàn jọ ń lò, ó ní iye ìgbà tó lè lọ tó lè bọ̀ lójúmọ́. Nítorí náà, bọ́ọ̀sì ló gbọ́dọ̀ dúró de rélùwéè. Bí rélùwéè bá pẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí bọ́ọ̀sì pẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tí a bá sọ̀kalẹ̀ tí a sì rí ìdí bọ́ọ̀sì tó ń lọ, kẹ̀kẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́rin la tún máa padà sí.

Àwọn tó ń fò nìkan kọ́ ni mò ń gbẹnu sọ fún. Ìyá kan wà ní òpópónà wa, iṣẹ́ gbígbálẹ̀ àti nínu ilẹ̀ ló ń ṣe nínú pápákọ̀. Kò wọ ọkọ̀ òfurufú rí láyé rẹ̀, àmọ́ ó ti lọ sí pápákọ̀ ju gbogbo àwa tó ń fò lọ. Bí iṣẹ́ àárọ̀ bá kàn án, ó ti ń wá ọkọ̀ ní aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, inú òkùnkùn, torí ẹni tó fẹ́ bá ọkọ̀ òfurufú àkọ́kọ́ lọ gbọ́dọ̀ bá ilẹ̀ mímọ́ níbẹ̀. Ọ̀kadà ló ń gùn tẹ́lẹ̀ láti ojú títì wọnú. Lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹfà 2022, ìjọba fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní Ìkẹjà àti ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún mìíràn. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án, ó kan Òṣòdì-Ìsọlọ̀ náà. Mi ò tako òfin yẹn, mo ti rí ohun tí ọ̀kadà fi ẹsẹ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá gba igi tí èèyàn fi ń tilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ fún un ní òmíràn. Bọ́ọ̀sì pápákọ̀ tí kò bá ní gbéra kí aago márùn-ún àárọ̀ tó lù, ti àwa tó ń lọ kí ẹbí ni, kì í ṣe ti àwọn tó ń mú ibẹ̀ ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni lálẹ́. Ọkọ̀ òfurufú ń balẹ̀ lóru, ẹni tó bá bá a wọlé sì gbọ́dọ̀ délé.

Ó wá kan FAAN.

Ohun àkọ́kọ́ ni ẹnu ọ̀nà. Bọ́ọ̀sì tó bá já èèyàn sẹ́yìn ọgbà kò yàtọ̀ sí kẹ̀kẹ́ tó gbé wa. Lẹ́nu ọ̀nà tí èrò ń gbà jáde ní ilé èrò kọ̀ọ̀kan, ẹ fi àyè tó tó bọ́ọ̀sì méjì sílẹ̀, kí ẹ kun ilẹ̀ rẹ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kí jíìpù ọ̀gá kankan dúró síbẹ̀, ì báà ní síréènì. Ẹ̀ẹ̀kejì ni pátákó. Bí èèyàn bá ti gba ẹrù rẹ̀ tán, kó rí i lókè pé "Rélùwéè, gba ibí." Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá náà, kò ní pa yín lára.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni owó géètì. Lóṣù Karùn-ún 2024, Mínísítà Festus Keyamo kéde pé kò sí ọ̀fẹ́ mọ́ fún ẹnikẹ́ni ní géètì pápákọ̀, àti ààrẹ àti igbákejì rẹ̀, kálukú á máa san. Mo pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì tó kó ogójì èèyàn wọlé ti lé ọ̀pọ̀ mọ́tò kúrò lójú ọ̀nà yín. Ẹ má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé owó mọ́tò, owó géètì àti owó ibi ìgbọ́kọ̀sí, ń wọlé fún yín, ẹnikẹ́ni ò sì fẹ́ kí owó rẹ̀ dín kù. Rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ ti ń dé Heathrow láti 1977, wọ́n ṣì ń gba owó ìgbọ́kọ̀sí lọ́wọ́ àwọn ẹbí wa ní Lọ́ndọ̀nù títí dòní, ẹ bi wọ́n.

Mo tilẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan lórí ìyẹn. Ilé èrò International tí wọ́n ṣí ní 1979, Schiphol ti Amsterdam ni wọ́n wò kọ́ ọ. Schiphol ti ní ìdíkọ̀ rélùwéè tirẹ̀ láti 1978. Ilé la wò kọ́, a ò wo ọ̀nà. Ẹ wá wò ó, ilé èrò yẹn kan náà ni wọ́n fẹ́ tú palẹ̀ tún ṣe: lóṣù Keje 2025 ni ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí bílíọ̀nù 712 náírà fún un. Àwọn òṣìṣẹ́ á gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n á da kọnkéré. Bí ibùdó bọ́ọ̀sì kò bá sí nínú àwòrán kí kọnkéré yẹn tó gan, ogójì ọdún mìíràn la tún fi tọrẹ yẹn. Èyí nìkan ló ní gbèdéke nínú gbogbo ohun tí mo sọ.

Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ fún mi pé ìjọba Èkó àti ìjọba àpapọ̀ ò lè jọ ṣe nǹkan lórí ilẹ̀ yẹn. Ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ni ọ̀nà Òṣòdì sí International. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, nígbà Àmbọ̀dé, ló bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe, tí wọ́n sọ ọ́ di títì tí mọ́tò mẹ́wàá lè tò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Wọ́n bára wọn sọ ọ́, ó sì ṣeé ṣe. Nínú ojú ọ̀nà mẹ́wàá, ẹ ya ẹyọ kan sọ́tọ̀ ní àlọ àti ẹyọ kan ní àbọ̀ fún bọ́ọ̀sì láàárín aago tí ọkọ̀ bá pọ̀ jù.

Àwọn oníkẹ̀kẹ́ àti onítakisí máa bínú. Ó yẹ kí wọ́n bínú, oúnjẹ wọn ni. Ṣùgbọ́n Máfolúkù, Àjáò àti Ṣógúnlè kún fún àwọn èèyàn tó ń fẹ́ ẹni tó máa gbé wọn láti ojú títì dé ilé, bọ́ọ̀sì ńlá ò sì lè wọ ibẹ̀. Onítakisí náà, ẹni tó ní àpótí mẹ́rin àti ọmọ mẹ́ta á ṣì pè é. Ẹ pè wọ́n sí ìpàdé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọ́ gíláàsì bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́.

Màámi ń múra àtilọ padà, torí ọmọ ti ń rá, wọ́n ní àwọn fẹ́ rí i kó tó dìde. Àpótí yẹn ṣì wà nílé. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ jù ú nù, mo ní kó fi í sílẹ̀, torí mo fẹ́ bẹ̀ yín: kí ọ̀gá kan wá láti LAMATA, kí ọ̀gá kan wá láti FAAN, láìmú awakọ̀ dání, ká pàdé ní ìdíkọ̀ Ìkẹjà láàárọ̀ ọjọ́ kan tí iṣẹ́ wà. Mo máa di kílò mẹ́tàlélógún sínú àpótí náà, bí àwọn elétò ọkọ̀ òfurufú ṣe ń fẹ́. Ká jọ lọ sí MM2. Màámi ní àwọn náà á tẹ̀lé wa. Wọ́n á wé gèlè wọn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Ọ̀kan nínú àwọn èrò Ìjú